Koríko ga díẹ̀, nótíìsì ti dé. Ilé ahoro ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ ò rí ẹni bá a wí. Báwo ni òfin ìtọ́jú ilé ṣe ń ṣiṣẹ́ gan-an?

Àbẹ̀kẹ́_Onílé

Ẹ kú ilé o ẹ̀yin ará. Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo fẹ́ ká jọ yẹ̀ wò dáadáa. Láwọn ìlú tó ní òfin ìtọ́jú ilé, ìyẹn òfin tó ní kí onílé gé koríko, kí ọ̀dà má bó, kí òrùlé má jò, kí fèrèsé má wà ní fífọ́, mo ń rí i pé ẹni tó ń gbé inú ilé ara ẹ̀, tó ń san owó orí ẹ̀ déédéé, òun ni nótíìsì máa ń tètè bá. Koríko ga díẹ̀, ìwé ti dé. Àmọ́ ilé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, tí fèrèsé ẹ̀ ti fọ́ tán, tí òrùlé ti ń wó wọnú, tẹ́nikẹ́ni ò mọ olówó ẹ̀, ọdún á gorí ọdún, kò sẹ́ni tó máa fọwọ́ kàn án. Kí ló fà á? Ṣé wolé-wolé ni ò rí i ni àbí òfin fúnra ẹ̀ ló ń wojú èèyàn? Mi ò ní ká máa bú ìjọba o, mo fẹ́ mọ bó ṣe ń ṣiṣẹ́, mo sì fẹ́ mọ ibi tí wọ́n ti rí i ṣe dáadáa.

WoléWolé_Àná

Ẹ kú ìbéèrè, Àbẹ̀kẹ́. Iṣẹ́ yìí ni mo ṣe kí n tó fẹ̀yìn tì, ẹ jẹ́ n sọ ọ́ bó ṣe rí.

Wolé-wolé kì í sábà jí láàárọ̀ kó máa wá ilé tó bàjẹ́ kiri. Ìfisùn ló ń gbé e jáde. Ẹnìkan á pe ìlú lórí fóònù tàbí kó kọ ọ́ sórí ápù, wọ́n á fún ọ̀rọ̀ náà ní nọ́ńbà, nọ́ńbà yẹn á já sọ́wọ́ wolé-wolé, òun náà á wá gba ibẹ̀ lọ. Torí ẹ̀ ló fi jẹ́ pé àdúgbò táwọn èèyàn ibẹ̀ mọ ibi tí wọ́n ń pè, tí wọn ò bẹ̀rù ẹnikẹ́ni, ibẹ̀ ni wolé-wolé máa ń wà ṣáá. Ibi tí ilé ti bàjẹ́ jù, táwọn ará ibẹ̀ ti pè pè pè tí nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀, ó ti sú wọn, wọn ò pè mọ́. Nínú kọ̀ǹpútà ìlú ó wá dà bíi pé kò sí ìṣòro kankan níbẹ̀.

Ohun kejì, koríko rọrùn. Èèyàn á dúró sójú títì, á na tépù sí i, á ya fọ́tò, ó parí. Ìwé tí ọ̀pọ̀ ìlú ní Amẹ́ríkà ń lò, International Property Maintenance Code lorúkọ ẹ̀, àjọ International Code Council ló ń tẹ̀ ẹ́, àkọ́kọ́ ẹ̀ jáde ní 1998, ọdún mẹ́ta mẹ́ta ni wọ́n sì ń tún un ṣe. Ìwé yẹn kì í ṣe òfin fúnra ẹ̀ o, àwòkọ ni, àfìgbà tí ìlú bá fọwọ́ sí i kó tó di òfin, ìlú sì lè yọ ohun tí kò bá wù ú kúrò. Níbi tí wọ́n ti sọ̀rọ̀ koríko, àlàfo ni wọ́n fi síbẹ̀ kí ìlú fúnra ẹ̀ kọ iye ínṣì tó bá fẹ́. Nǹkan míì tó wà níbẹ̀ pọ̀: nọ́ńbà ilé gbọ́dọ̀ ga tó ínṣì 4 ó kéré tán káwọn panápaná lè rí i látojú títì, yàrá tí èèyàn ń sùn gbọ́dọ̀ fẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà onígun mẹ́rin 70, ọkọ̀ tí ò lè rìn mọ́ ò gbọdọ̀ máa jókòó sínú ọgbà.

Tí mo bá dé ilé kan, ojú títì ni mo ti ń bẹ̀rẹ̀. Mo máa wo ẹ̀yìn òrùlé bóyá ó ti ń tẹ̀ sílẹ̀ láàárín, mo máa wo gọ́tà bóyá ó ti ja sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Igi abẹ́ fèrèsé, mo máa ń fi ẹnu síkúrúdíráfà tì í díẹ̀, tí irin bá kàn wọlé láìjà, igi yẹn ti jẹrà, ọ̀dà ló kàn ń bo àṣírí ẹ̀. Mo máa di ìdimú àtẹ̀gùn mú kí n mì í. Tó bá ń jó lọ́wọ́ mi, mo kọ ọ́ sílẹ̀, torí àgbàlagbà kan máa fara tì í lọ́jọ́ kan.

Nótíìsì tó dáa wá máa ń sọ orí òfin tí wọ́n rú, ohun tó bàjẹ́ gan-an, ohun tí wọ́n ní kí onílé ṣe, ọjọ́ tí wọ́n fún un àti bó ṣe lè pẹjọ́ tí ò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn. "Ilé yín ò dáa" kì í ṣe nótíìsì. "Igi ìsàlẹ̀ fèrèsé kejì lápá ọ̀tún ti jẹrà, ẹ pààrọ̀ ẹ̀, kẹ́ ẹ kùn ún kó tó di ọjọ́ báyìí", ìyẹn ni nótíìsì. Tí ọjọ́ bá pé wolé-wolé á padà lọ wò ó. Tí wọn ò bá ṣe é, ó di fáìnì tàbí kóòtù, tó bá yá ìlú lè rán oníṣẹ́ tiẹ̀ lọ ṣe é, kí wọ́n wá kọ owó ẹ̀ mọ́ ilé náà lọ́rùn bíi gbèsè, tó fi jẹ́ pé onílé ò ní lè tà á láì kọ́kọ́ san án.

Ìdáhùn ìbéèrè yín wá nìyí: ẹni tó ń gbé inú ilé ẹ̀, lẹ́tà máa bá a. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Gbogbo ètò yìí dúró lórí pé ẹnìkan máa ṣí lẹ́tà. Ilé ahoro ò ní ẹni tó máa ṣí i.

Téńáńtì_Kejì

Ẹ ṣeun bàbá. Ẹ jẹ́ n fi tàwa ayálégbé sí i torí gbogbo nǹkan tẹ́ ẹ kà yìí fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ nǹkan tó ṣeé rí láti ìta. Ohun tó ń dà wá láàmú inú ilé ló wà. Páìpù tó ń jò sínú ògiri, èbu dúdú lẹ́yìn ibùsùn ọmọ, wáyà iná tó ń ta pàrà, híítà tó kú nígbà òtútù. Kò sẹ́ni tó ń kọjá lójú títì tó máa rí wọn. Àwa la máa pè, tá a bá sì pè, ẹ̀rù ń bà wá pé láńdílọ̀ọ̀dù á ní ká kó jáde nígbà tí ọdún bá pé, kò tiẹ̀ ní sọ pé torí ìfisùn ni, á kàn ní òun fẹ́ lo ilé òun.

Ohun tí mo fẹ́ràn nínú bí ìlú New York ṣe ṣe é ni pé wọn ò kó gbogbo ẹ̀ṣẹ̀ ilé sójú kan. Wọ́n pín in sí A, B àti C. A ni èyí tí ò léwu, ọjọ́ 90 ni wọ́n fún onílé. B léwu, ọjọ́ 30. C ni èyí tó lè pààyàn, ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀ wákàtí 24 ni. Ti ooru ilé tiẹ̀ ní àkókò tiẹ̀ lọ́tọ̀: láti October 1 sí May 31, tí ìta bá tutù kọjá 55 Fahrenheit lọ́sàn-án, inú ilé ò gbọdọ̀ kéré sí 68, lóru kò gbọdọ̀ kéré sí 62 bó ti wù kí ìta rí. Tí láńdílọ̀ọ̀dù bá kọ̀ tí ò ṣe C, ìlú lè rán oníṣẹ́ wá tún un ṣe kí wọ́n sì fi bíìlì ránṣẹ́ sí i. Sí èmi o, ìyẹn gan-an ni òfin. Èèyàn tó ń gbọ̀n nínú òtútù, owó fáìnì tí wọ́n gbà lọ́wọ́ onílé ò móoru fún un.

Lọ́yà_Àdúgbò

Ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀rọ̀ òfin díẹ̀ sí i torí mo mọ̀ pé ẹnìkan máa bèèrè bóyá wolé-wolé lè kàn já wọlé.

Kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ní 1959, kóòtù tó ga jù ní Amẹ́ríkà ti kọ́kọ́ sọ nínú ẹjọ́ Frank v. Maryland pé wọ́n lè fìyà jẹ ẹni tí ò jẹ́ kí wolé-wolé wọlé, ìyẹn ní Baltimore. Nígbà tó di 1967 wọ́n yí i padà nínú Camara v. Municipal Court. Ọkùnrin kan ní San Francisco ló ní òun ò ní ṣílẹ̀kùn láìjẹ́ pé wọ́n mú ìwé àṣẹ kóòtù wá, wọ́n fẹ́ bá a ṣẹjọ́ ọ̀daràn, kóòtù ní rárá, ó ní ẹ̀tọ́ láti kọ̀. Ṣùgbọ́n ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò kà dé nìyí: kóòtù yẹn kan náà sọ pé ìwé àṣẹ ti wolé-wolé ò le tó ti ọlọ́pàá. Kò dìgbà tí wọ́n bá ní ẹ̀rí pé ilé yìí gan-an ti bàjẹ́. Bí ilé náà ṣe rí, bí àdúgbò náà ṣe rí lápapọ̀, bó ti ṣe pẹ́ tó tí wọ́n ti wo ilé náà gbẹ̀yìn, ìyẹn tó láti fi gba àṣẹ. Ó já sí pé ìlú tó bá fẹ́ máa yẹ ilé wò láìdúró de ìfisùn, ọ̀nà wà fún un látọjọ́ yẹn.

Téńáńtì, ẹ fetí sí èyí dáadáa: ẹ̀yin lẹ̀ ń gbé ibẹ̀, ẹ̀yin lẹ lè sọ fún wolé-wolé pé kó wọlé wá wo yàrá yín, kò dìgbà tí láńdílọ̀ọ̀dù bá fàyè sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ ló sì ní òfin tó ní onílé ò gbọdọ̀ lé ayálégbé torí pé ó fẹjọ́ sùn. Àmọ́ òfin yẹn ò wúlò tí ò bá sí ìwé. Ẹ kọ ọ́ sí láńdílọ̀ọ̀dù lórí ímeèlì kẹ́ ẹ tó pe ìlú, kí ọjọ́ wà lórí ẹ̀. Tó bá lé yín lẹ́yìn ìyẹn, ìwé ọjọ́ yẹn ló máa bá yín sọ̀rọ̀ ní kóòtù.

Bàbá_Onílé_Mẹ́ta

Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín bọ̀ látòkè. Èmi ni mo ní ilé tí mo fi ń háyà, mo sì fẹ́ kẹ́ ẹ gbọ́ tẹnu mi pẹ̀lú. Gbogbo yín ń sọ ọ́ bíi pé ìlú ń fẹ́ kí ilé dáa. Ìlú míì, owó ló ń wá.

Ẹ wo Dunedin ní Florida. Ní 2018, ọkùnrin kan lọ sí ìpínlẹ̀ míì lọ tò ohun ìní ìyá ẹ̀ tó ti kú, ẹni tó fi sílẹ̀ pé kó máa bá òun gé koríko, ẹni yẹn náà kú. Koríko ga. Dọ́là 500 lójúmọ́ ni wọ́n ń kọ sí i lọ́rùn, torí wọ́n ní ó ti rú òfin náà rí, nígbà tó fi máa mọ̀, gbèsè ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó dọ́là 30,000, wọ́n sì fọwọ́ sí i pé kí wọ́n gba ilé ẹ̀ torí ẹ̀. Koríko o! Ní 2021 kóòtù ìjọba àpapọ̀ tún gbè sẹ́yìn ìlú. Ẹ tún wo Ferguson ní Missouri, ìwádìí tí ẹ̀ka ìdájọ́ ìjọba Amẹ́ríkà gbé jáde ní March 2015 sọ ọ́ gbangba pé ìlú yẹn fi owó ìtanràn ṣe orísun owó tí wọ́n fi ń bójú tó ìnáwó wọn, àwọn aláwọ̀ dúdú ló sì jẹ ìyà ẹ̀ jù, wọ́n rí fáìnì koríko kan ṣoṣo níbẹ̀ tó jẹ́ dọ́là 531. Téèyàn ò bá yọjú sí kóòtù wọ́n á kọ wáráǹtì fún un, ìyẹn ìwé pé kí ọlọ́pàá mú un. Téèyàn bá wá ń bẹ̀rù wolé-wolé, ṣé ó burú?

Mi ò ní kí òfin má sí. Mò ń sọ pé owó dọ́là 30,000 ò gé koríko kankan. Iṣẹ́ tí ẹni tó ní ẹ̀rọ lè ṣe tán kí ọ̀sán tó pọ́n.

Lọ́yà_Àdúgbò

Bàbá, òótọ́ lẹ sọ. Ohun kan tó yí padà díẹ̀ ni ẹjọ́ Timbs v. Indiana ní 2019, níbi tí kóòtù tó ga jù ti sọ pé òfin tó ní fáìnì ò gbọdọ̀ pọ̀ jù, ó de àwọn ìpínlẹ̀ àtàwọn ìlú náà, kì í ṣe ìjọba àpapọ̀ nìkan. Ọkọ̀ tí wọ́n gbà lọ́wọ́ ẹnìkan ni wọ́n torí ẹ̀ lọ, kì í ṣe ti ilé, àmọ́ onílé lè gbé e síwájú adájọ́. Ṣùgbọ́n bẹ́ ẹ ṣe rí i, Dunedin ṣì borí lẹ́yìn ìgbà yẹn, torí náà kéèyàn má gbára lé e jù.

Àbẹ̀kẹ́_Onílé

Ẹ gba mí o, ọ̀rọ̀ ti ń yé mi. Bàbá Onílé àti Bàbá WoléWolé, ẹ ò tiẹ̀ ta ko ara yín. Fáìnì tó ń ga sí i lójoojúmọ́, ẹni tí lẹ́tà bá ló ń pa, kò pa ẹni tó ti sá lọ. Ẹni tó ti fi ilé sílẹ̀, kí ló kàn án pẹ̀lú dọ́là 500 lójúmọ́? Ṣé ìlú kan wà tó rí ilé ahoro mú?

WoléWolé_Àná

Ó wà, àmọ́ iṣẹ́ ọ́fíìsì ló pọ̀ nínú ẹ̀ ju iṣẹ́ ojú títì lọ. Ẹ jẹ́ n fi bó ṣe máa ń rí hàn yín. Èèyàn á lọ wo ìwé owó orí, orúkọ kan wà níbẹ̀. Ẹ pè, olóògbé ni. Àwọn ọmọ ẹ̀ wà káàkiri, kò sẹ́ni tó ṣe ìwé ogún, kò sẹ́ni tó fẹ́ gbèsè tó wà lórí ilé. Tàbí kó jẹ́ báńkì ti gbé onílé lọ sí kóòtù, onílé ti kó jáde, báńkì ò wá parí ẹjọ́ torí kò fẹ́ kí ilé náà di tòun. Tàbí kó jẹ́ kọ́ńpìnnì kan ló ni ín, kọ́ńpìnnì míì ló ni kọ́ńpìnnì yẹn, àdírẹ́sì gbogbo wọn wá jẹ́ àpótí lẹ́tà kan náà. Wolé-wolé tí wọ́n fún ní ilé rẹpẹtẹ láti yẹ̀ wò lọ́sẹ̀, ṣé ó ráyè gbogbo ìyẹn?

Philadelphia ṣe nǹkan tó wú mi lórí. Láti 2011 wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í mú òfin kan lò tó ní ilé tó ṣófo láàárín àdúgbò tí èèyàn ṣì ń gbé gbọ́dọ̀ ní ilẹ̀kùn gidi àti fèrèsé gidi tó ń ṣiṣẹ́, wọn ò gba pákó tí wọ́n kàn kàn mọ́ ọn. Ihò kọ̀ọ̀kan tó ṣí sílẹ̀ ní fáìnì tiẹ̀. Ohun tó wá mú un gbóná ni pé wọ́n ń wá ibi tí onílé fúnra ẹ̀ ń gbé, òfin ìpínlẹ̀ Pennsylvania tí wọ́n ṣe ní 2010 sì jẹ́ kí wọ́n lè tọ ohun ìní ẹ̀ míì lọ, kì í ṣe ilé ahoro yẹn nìkan, kí wọ́n sì kọ̀ láti fún un ní páàmíìtì. Ẹni tó ń gbé ilé tó dáa níbòmíì ò lè sọ mọ́ pé ahoro yẹn ò kan òun. Ìwádìí tó jáde ní 2015 rí i pé ìkọlù tó ní ìbọn nínú dín kù láyìíká àwọn ilé tí wọ́n tún ṣe lábẹ́ òfin yẹn. Ilẹ̀kùn àti fèrèsé lásán o.

Baltimore gba ọ̀nà míì. Tí onílé ò bá tún ilé ahoro ṣe, ìlú á ní kí kóòtù yan ẹni tó máa gba ilé náà lọ́wọ́ ẹ̀, ẹni yẹn á tà á ní gbàǹjo fún ẹni tó bá lè fi hàn pé òun lówó àti ọwọ́ láti tún un ṣe. Wọ́n fi í ṣe ara ètò kan tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2010, Vacants to Value. Ó máa ń ṣiṣẹ́ níbi tí àwọn èèyàn ṣì ń wá ilé rà. Níbi tí kò ti sí oníbàárà, gbàǹjo ò rí ẹni dá a lóhùn, ìyẹn ò ṣe é fi pamọ́.

Nọ́ọ̀sì_Ọmọdé

Mo fẹ́ kí ẹnìkan sọ̀rọ̀ ọmọdé níbí torí gbogbo yín ń sọ̀rọ̀ bíi pé ọ̀rọ̀ owó àti ẹwà àdúgbò ni.

Ọ̀dà àtijọ́ ní òjé nínú, ìyẹn lead. Amẹ́ríkà fòfin de é fún ilé ní 1978, ṣùgbọ́n ilé tí wọ́n kọ́ ṣáájú ìgbà yẹn ṣì wà níbẹ̀ pẹ̀lú ọ̀dà ẹ̀. Ibi tó ti máa ń burú jù ni fèrèsé tí wọ́n ń gbé sókè sódò: bí igi ṣe ń ha igi, ọ̀dà ń di eruku, eruku ń bọ́ sí ojú fèrèsé, ọmọ tó ń rá gbẹ̀rẹ̀ á fọwọ́ tẹ̀ ẹ́, á fọwọ́ sẹ́nu. Kò ní ṣàìsàn lójú ẹsẹ̀. Ọpọlọ ẹ̀ ló ń bà jẹ́ díẹ̀díẹ̀, kò sì sí oògùn tó lè dá èyí tó ti bàjẹ́ padà. Tẹ́ ẹ bá wá dúró de ìfisùn, ta ló máa fẹjọ́ eruku sùn? Ẹ̀jẹ̀ ọmọ tí wọ́n gbà yẹ̀ wò ló máa ń kọ́kọ́ sọ fún wa pé ilé náà ò dáa, ìyẹn ni pé ọmọ la fi ń yẹ ilé wò. Rochester ní New York rí i pé kò tọ́, ní 2005 wọ́n ṣòfin pé tí wọ́n bá ń yẹ ilé háyà wò kí wọ́n tó fún un níwèé pé èèyàn lè gbé ibẹ̀, kí wọ́n wo ọ̀dà àti eruku òjé pẹ̀lú. Ọ̀dà tó ń bó níbẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹwà mọ́.

Èbu náà ńkọ́. Ní Rochdale nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọmọ ọdún méjì kan kú ní December 2020 torí èbu tó kún ilé tí wọ́n ń gbé, àwọn òbí ẹ̀ ti fẹjọ́ sùn tipẹ́. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ní òfin láti 2004 tó ka ewu inú ilé 29 sílẹ̀, ọ̀rinrin àti èbu wà lára ẹ̀. Òfin wà lórí ìwé, ọmọ kú. Ohun tí wọ́n wá fi kún un lẹ́yìn ikú ẹ̀, tí wọ́n ń fi orúkọ ọmọ náà pè ní Òfin Awaab, bẹ̀rẹ̀ ní October 2025 fáwọn ilé tí káńsù àtàwọn àjọ ilé ń háyà fún èèyàn: ewu pàjáwìrì, wákàtí 24. Gbèdéke ni wọ́n fi kún un. Òfin tí ò ní gbèdéke, ìmọ̀ràn ni.

Bàbá_Onílé_Mẹ́ta

Ọmọ mi, Nọ́ọ̀sì, ọ̀rọ̀ yín wọ̀ mí lára, mi ò sì ní bá yín jiyàn lórí òjé. Ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá ní kí wọ́n máa yẹ gbogbo ilé háyà wò, owó ìyẹ̀wò yẹn ta ló máa san án? Onílé ni. Onílé náà á wá fi kún owó háyà. Lẹ́yìn náà wolé-wolé á ní kí n pààrọ̀ gbogbo wíńdò lẹ́ẹ̀kan náà, mi ò lówó ẹ̀, mo máa ta ilé náà, ẹni tó bá rà á ò ní fi háyà fún ẹni tó ń gbé ibẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Téńáńtì_Kejì

Ẹ má bínú bàbá, mo ti rò ó lọ rò ó bọ̀. Los Angeles ti ń ṣe é láti 1998. Ètò náà ni pé kí wọ́n máa wọ ilé háyà tó ní fúláàtì méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lọ́dún mẹ́rin mẹ́rin, yálà ẹnìkan fẹjọ́ sùn àbí kò fẹjọ́ sùn. Owó tí onílé ń san lọ́dọọdún lórí fúláàtì kọ̀ọ̀kan ni wọ́n fi ń ṣe é, ó sì lè gbà díẹ̀díẹ̀ lọ́wọ́ ayálégbé. Èmi ò kọ̀ láti san ìwọ̀nba yẹn, torí ohun tó ń rà fún mi ni pé kò sẹ́ni tó máa mọ̀ bóyá èmi ni mo pè. Wolé-wolé dé torí ó ti yí kàn wá. Láńdílọ̀ọ̀dù ò rí ẹni dì sínú. Ẹni tó bá ti gbé pẹ̀lú ẹ̀rù yẹn rí mọ̀ pé kì í ṣe nǹkan kékeré.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń tọ́jú ilé yín náà, ẹ̀yin lẹ máa jèrè ẹ̀ jù. Lọ́wọ́lọ́wọ́ báyìí, ẹni tí ò tún nǹkan kan ṣe ń háyà ilé ẹ̀ ní iye kan náà pẹ̀lú yín, kò sì náwó kankan.

Bàbá_Onílé_Mẹ́ta

Èyí tẹ́ ẹ sọ gbẹ̀yìn yẹn, mo gbà.

Ọmọ_Àdúgbò_Ìsàlẹ̀

Ẹ kú iṣẹ́ o gbogbo ẹ̀yin àgbà. Ìbéèrè tèmi ni ti ìyá àgbàlagbà tó ń gbé inú ilé ara ẹ̀, tó wù ú kó tún òrùlé ṣe àmọ́ tí ò lówó ẹ̀. Ṣé wọ́n á máa kọ fáìnì fún un náà ni?

WoléWolé_Àná

Ọmọ mi, ìbéèrè yìí ló máa ń wúwo lọ́kàn wolé-wolé tó ní àánú. Ìyá yẹn àti ẹni tó ní ilé tó tó ogún níye tó sì kọ̀ láti tún wọn ṣe, orí òfin kan náà ni wọ́n rú, nótíìsì kan náà ló máa bá wọn. Níbi tí ètò bá dáa, wolé-wolé máa ń ní àṣẹ láti sún ọjọ́ síwájú, ó sì máa ń mọ ọ́fíìsì tó ń yá àgbàlagbà lówó àtúnṣe. Owó kan wà tí ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà ń pín fáwọn ìlú láti 1974, Community Development Block Grant, ọ̀pọ̀ ìlú ń yọ ti àtúnṣe ilé nínú ẹ̀. Fún àwọn tó wà lábúlé, ẹ̀ka iṣẹ́ àgbẹ̀ ìjọba ní ètò tí wọ́n ń pè ní Section 504, ẹ̀yáwó tí èlé ẹ̀ jẹ́ ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún, ẹni tó bá ti pé ọdún 62 tí owó tó ń wọlé fún un kéré gan-an sì lè gba ẹ̀bùn tí kò ní dá padà. Nọ́ńbà fóònù àwọn ọ́fíìsì yẹn ló yẹ kó wà lẹ́yìn gbogbo nótíìsì. Mo ti rí nótíìsì tó ní nọ́ńbà kóòtù lórí tí ò ní nọ́ńbà olùrànlọ́wọ́ kankan, inú mi ò dùn sí i.

Memphis ní kóòtù kan lọ́tọ̀ tó ń gbọ́ irú ẹjọ́ yìí. Adájọ́ á ní kí onílé máa padà wá fi ibi tó báṣẹ́ dé hàn títí àtúnṣe á fi parí. Adájọ́ kan náà ló ń rí i léraléra, torí náà ó mọ ẹni tó ń gbìyànjú yàtọ̀ sí ẹni tó ń fi í ṣeré.

Àbẹ̀kẹ́_Onílé

Ẹ ṣé gan-an. Mo wá fẹ́ fi ìfisùn ránṣẹ́ lórí ilé ahoro kan. Mo ti wo ojú òpó owó orí, orúkọ kọ́ńpìnnì ló wà níbẹ̀, àdírẹ́sì ẹ̀ sì jẹ́ àpótí lẹ́tà bẹ́ ẹ ṣe wí gẹ́lẹ́. Kí ni mo máa kọ tí wọn ò ní jù ú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan?

WoléWolé_Àná

Ẹ má kọ pé ilé náà ń ba àdúgbò jẹ́. Ẹ kọ èyí tó léwu jù síwájú: "fèrèsé ìsàlẹ̀ lẹ́yìn ilé ṣí sílẹ̀, ọmọdé lè gba ibẹ̀ wọlé", tàbí "ògiri ti ń fì sí ojú títì". Ilé tó ṣí sílẹ̀ tẹ́nikẹ́ni lè wọ̀, àṣẹ tí ìlú ní lórí ẹ̀ yàtọ̀, wọ́n lè dí i pa lọ́jọ́ yẹn láìdúró de onílé. Tí nọ́ńbà ilé bá ti bọ́, ẹ kọ nọ́ńbà ilé ọ̀tún àti ti òsì. Ojú títì ni kẹ́ ẹ ti ya fọ́tò, ẹ má wọ inú ọgbà ẹ̀. Koríko, ẹ kọ ọ́ gbẹ̀yìn, torí tó bá ṣáájú, wọ́n lè kàn rán ẹni tó máa gé e wá kí wọ́n sì pa ìwé dé pé ó ti parí. Ẹ gba nọ́ńbà ìfisùn yín.

Ti kọ́ńpìnnì yẹn, ẹ lọ sí ojú òpó ìpínlẹ̀ tí wọ́n ti forúkọ ẹ̀ sílẹ̀. Òfin ní kọ́ńpìnnì kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ yan ẹnìkan tó máa ń gba ìwé kóòtù fún un, orúkọ ẹni yẹn àti àdírẹ́sì ẹ̀ wà níbẹ̀ fún gbogbo ayé, àdírẹ́sì ojú títì ló sì gbọ́dọ̀ jẹ́, kì í ṣe àpótí. Ẹ kọ ọ́ sínú ìfisùn náà. Ẹ tún wò ó bóyá owó orí ilé náà ti pẹ́ tí wọn ò ti san. Tó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ fi ẹ̀dà kan ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì tó ń gba owó orí, torí àwọn náà ní ọ̀nà tiwọn láti gba ilé lọ́wọ́ ẹni tí ò sanwó, ọ̀nà tiwọn sì lè yá ju ti wolé-wolé lọ.